Ìrìn-àjò ọkọ̀ ojú irin láàárín àwọn ìlú Yúróòpù fún tọkọtaya tí kò kánjú: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Bàbá Ìbejì, London:

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará mi. Ìyàwó mi yóò fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó ń bọ̀, a sì ti pinnu pé tí òtútù bá ti rọlẹ̀, láàárín ìparí oṣù karùn-ún sí oṣù kẹfà, a máa fi nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rin ilẹ̀ Yúróòpù ká, àwa méjèèjì nìkan, láìsí ọmọ, láìsí ọmọ-ọmọ. Ọkọ̀ ojú irin nìkan la fẹ́ wọ̀. Ìyàwó mi kò fẹ́ràn bàálù rárá, èmi ní tèmi sì jẹ́ ọmọ Ọ̀fà, níbi tí fèrè rélùwéè ti máa ń jí wa lóru nígbà tí a wà léwe, nítorí náà kò sẹ́ni tó ní láti bẹ̀ mí kí n tó wọ ọkọ̀ ojú irin.

Mo ti kọ orúkọ àwọn ìlú tí mo fẹ́ kí á dé sílẹ̀: Paris, Brussels, Amsterdam, Berlin, Prague, Vienna, Budapest, Venice àti Rome. Nígbà tí Ìyá Ìbejì rí i, wọ́n bi mí bóyá ìgbádùn la ń lọ ṣe tàbí iṣẹ́. Wọ́n ní ohun méjì péré ni àwọn fẹ́ fi ojú ara àwọn rí: òkè ńlá tí yìnyín bo orí rẹ̀, àti ìlú Venice tó wà lórí omi. Ohun yòówù tí a bá tún rí lẹ́yìn ìyẹn, èènì ni.

Nítorí náà, mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i. Èwo ni kí n yọ kúrò nínú àwọn ìlú yìí? Ṣé kí n ra káàdì kan ṣoṣo tí èèyàn fi ń wọ gbogbo ọkọ̀ ojú irin ni, tàbí kí n máa ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan? Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni mò ń lò, pẹ̀lú àṣẹ ìgbé títí láé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì ni ìyàwó mi ní. Orílẹ̀-èdè wo ni kí n kọ̀wé físà sí nígbà tí a fẹ́ dé ibi púpọ̀? Àwa méjèèjì ti lé ní ọgọ́ta ọdún, orúnkún mi kò sì fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn àtẹ̀gùn mọ́.

Ará Cologne:

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìmúra o. Ẹ bá mi kí Màmá kú oríire, Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n jẹ èrè iṣẹ́ wọn pẹ́. Tí ẹ bá gbà mí láàyè kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lára mi, ẹ̀yìn Màmá ni mo wà. Ìlú mẹ́sàn-án láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyẹn ni pé ní ọjọ́ méjì-méjì lẹ ó máa di ẹrù. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì sábà máa ń fẹ́ kí èèyàn kúrò ní yàrá ní nǹkan bí aago mọ́kànlá òwúrọ̀, wọn kì í sì í fẹ́ gba àlejò wọlé kó tó di aago méjì tàbí mẹ́ta ọ̀sán, nítorí náà ọjọ́ tí ẹ bá ṣí kúrò ní ìlú kan kì í ṣe ọjọ́ ìlú yẹn, kì í sì í ṣe ọjọ́ ìlú tí ẹ ń lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbádùn Yúróòpù, ó yẹ kó ka ọjọ́ wọ̀nyẹn sí ọjọ́ ọkọ̀, kó sì yan ọ̀nà tí ọkọ̀ gan-an yóò fi jẹ́ ohun ìwòran.

Rome àti Budapest ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ kúrò, torí pé àwọn ló jìnnà jù sí ọ̀nà ilé. Amsterdam àti Brussels kò lọ síbì kankan: ọkọ̀ ojú irin Eurostar ń lọ tààrà láti London sí méjèèjì, ẹ lè fi òpin ọ̀sẹ̀ kan lọ kí wọn nígbàkígbà. Berlin àti Prague dára lọ́pọ̀lọpọ̀, àmọ́ apá ibòmíràn ni wọ́n wà pátápátá.

Àwọn tó kù yóò wá di àyípo kan tí ẹ kò ní gba ojú ọ̀nà kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ kúrò ní London lọ sí Paris, láti Paris lọ sí Strasbourg, kí ẹ gba Basel àti Zürich lọ sí ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Chur ní Switzerland, kí ẹ ti Chur gba orí òkè Bernina sọ̀ kalẹ̀ sí Tirano ní Ítálì, kí ẹ lọ sinmi létí adágún omi Como, kí ẹ gba Milan lọ sí Venice, kí ẹ ti Venice bọ́ sí Vienna, kí ẹ ti Vienna wá bá wa ní Cologne níbí, kí ẹ sì gba Brussels padà sílé. Paris àti Vienna ni kí ẹ fún ní òru mẹ́rin-mẹ́rin, kí Venice gba mẹ́ta, kí àwọn yòókù gba méjì-méjì. Yóò ku bí ọjọ́ méjì sí yín lọ́wọ́, ẹ má sì kánjú wá iṣẹ́ fún un.

Láti London sí Paris kò ju wákàtí méjì àti nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Ẹ ó gba ihò abẹ́ òkun tó gùn tó kìlómítà 50, tí wọ́n ṣí ní 1994. Ẹ má retí ohunkóhun lójú fèrèsé níbẹ̀, òkùnkùn ni. Gare du Nord lẹ máa sọ̀ sí, Gare de l'Est sì ni ọkọ̀ Strasbourg ti ń gbéra, àmọ́ ibùdó méjèèjì súnmọ́ra débi pé ẹsẹ̀ lásán ń gbé èèyàn dé ibẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọkọ̀ yẹn ń sáré tó 320 kìlómítà ní wákàtí kan, ẹ ó sì dé Strasbourg kí wákàtí méjì tó pé. Ìjọ àgbà tó wà láàárín ìlú náà ga tó mítà 142, òun sì ni ilé tó ga jù lọ ní gbogbo àgbáyé láti 1647 títí di 1874. Ẹ wọ inú rẹ̀ ṣáájú aago méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán, kí ẹ lè rí bí aago ńlá tó wà níbẹ̀ ṣe ń gbé ère àwọn àpọ́sítélì jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ òkè oníyìnyín Màmá ló wá kàn báyìí, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Láti Chur sí Tirano jẹ́ nǹkan bí wákàtí mẹ́rin, mi ò sì mọ wákàtí mẹ́rin mìíràn nínú ọkọ̀ tó dùn tó o. Ọkọ̀ náà kéré, àwọ̀ pupa ni, kì í sáré. Ó máa gba orí afárá Landwasser, tó ga tó mítà 65, tó tẹ̀ kọ́rọ́ bí dòjé, tó sì wọ inú ihò àpáta lọ ní tààrà láìfún èèyàn láyè láti mí. Lẹ́yìn náà ni yóò máa gòkè títí yóò fi dé Ospizio Bernina, tó jẹ́ 2,253 mítà sókè ojú òkun, láìlo eyín irin tí àwọn ọkọ̀ orí òkè mìíràn fi ń di ilẹ̀ mú. Níbi tó ti le jù, nínú mítà 100 tó bá rìn, ó ti gòkè mítà 7. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kí ó dé Tirano, irin náà yóò yí po lórí afárá kan ní Brusio, tí ẹ ó fi máa wo ìdí ọkọ̀ yín láti ojú fèrèsé. UNESCO fi ojú irin yìí sára ogún àgbáyé ní 2008. Ní ìparí oṣù karùn-ún, yìnyín ṣì máa ń wà lókè níbẹ̀ dáadáa, nígbà tí òdòdó ti kún ìsàlẹ̀.

Ọkọ̀ kan wà fún àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ lọ́nà yìí, Bernina Express lorúkọ rẹ̀, fèrèsé rẹ̀ tóbi dé òkè orí, ó sì di dandan kí èèyàn sanwó ìjókòó lọ́tọ̀. Àmọ́ ọkọ̀ lásán tí àwọn ará ìlú ń wọ̀ ń gba orí irin kan náà ní wákàtí-wákàtí, ẹ kò ní láti gba ìjókòó sílẹ̀, ẹ ó kàn pààrọ̀ ọkọ̀ lọ́nà, ó sì ní àwọn kóòṣì tí fèrèsé wọn ṣeé ṣí, èyí tí Màmá máa fẹ́ tí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò. Ọkọ̀ lásán yẹn ni mo fara mọ́. Ẹ jókòó sí apá ọ̀tún tí ẹ bá ti ń lọ láti Chur.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa níbí, ẹ ṣọ́ra fún ọkọ̀ tó yá jù. Láti 2002 ni ojú irin tuntun ti wà láàárín Frankfurt àti Cologne, ó ń gbé èèyàn dé ní nǹkan bí wákàtí kan, ṣùgbọ́n ihò abẹ́ òkè àti ògiri ni ẹ ó máa wò. Ẹ yan ọkọ̀ tó ń gba Mainz àti Koblenz, tó ń tẹ̀ lé odò Rhine lẹ́sẹ̀-lẹ́sẹ̀. Ẹ jókòó sí ọ̀tún, kí ẹ máa wo àwọn ààfin àtijọ́ lórí òkè àti oko àjàrà tó dagun lé etí omi. Nígbà tí ẹ bá jáde ní ibùdó Cologne, ìjọ àgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1248, tí wọn kò sì parí rẹ̀ àfi ní 1880, ló máa kọ́kọ́ kọ lù yín lójú.

Kí n tó gbàgbé, ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn ní Jámánì ń pẹ́, kò sí ìdí láti fi bò. Ní 2024, kò tó ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn tó dé lásìkò. Níbikíbi tí ẹ bá ti fẹ́ pààrọ̀ ọkọ̀ níbí, ẹ fi wákàtí kan sílẹ̀ láàárín. Tí ọkọ̀ bá fi wákàtí kan pẹ́ kó tó gbé yín dé, òfin Yúróòpù ní kí wọ́n dá ìdá mẹ́rin owó tíkẹ́ẹ̀tì padà fún yín, tó bá sì tó wákàtí méjì, ìdajì. Lórí pèpéle, ẹ máa rí lẹ́tà A, B, C títí lọ tí wọ́n gbé kọ́ sókè. Pátákó máa sọ abẹ́ lẹ́tà tí kóòṣì yín máa dúró sí. Ẹni tí kò bá wò ó ló máa ń sáré kiri pẹ̀lú ẹrù nígbà tí ọkọ̀ bá dé. Ẹ tún wo ohun tí wọ́n kọ sára kóòṣì fúnra rẹ̀, nítorí pé ọkọ̀ kan lè pín sí méjì lójú ọ̀nà, kí apá iwájú lọ síbì kan, kí apá ẹ̀yìn sì gba ibòmíràn.

Akọ̀wé Birmingham:

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ físà ni mo fẹ́ sọ ní tèmi. Àṣẹ ìgbé yín ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò dípò físà Schengen, ìyẹn físà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, ẹ gbọ́dọ̀ gbà á. Màmá kò nílò rẹ̀, tí wọn kò bá ti lò ju 90 ọjọ́ lọ láàárín 180 ọjọ́ èyíkéyìí. Físà kan ṣoṣo ló ń gbé yín dé gbogbo ibi tí Ará Cologne kà sílẹ̀, títí kan Switzerland, tí kò sí nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣùgbọ́n tó wà nínú Schengen láti 2008.

Orílẹ̀-èdè tí ẹ máa sùn sí jù lẹ máa kọ̀wé sí. Tí méjì bá dọ́gba, èyí tí ẹ máa kọ́kọ́ wọ̀ ni. Nínú ètò tí wọ́n tò sókè yìí, Faransé ní òru mẹ́fà, Ítálì ní márùn-ún, Austria ní mẹ́rin, nítorí náà ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ni kí ẹ gbé ìwé yín lọ. Láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò ni wọ́n ti ń gbà á, ó kéré tán ó gbọ́dọ̀ ku ọjọ́ 15. Ẹ má dúró de ìparí rárá, àyè ìpàdé máa ń ṣọ̀wọ́n bí ìgbà ooru bá ti ń súnmọ́. Owó rẹ̀ fún àgbàlagbà jẹ́ 90 Yúrò láti oṣù kẹfà 2024. Ẹ nílò adójútòfò ìlera tó lè gbé tó 30,000 Yúrò, àti ẹ̀rí ibi tí ẹ máa sùn ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan. Òtẹ́ẹ̀lì tó ṣeé fagi lé láìsan owó ìtanràn ni kí ẹ gbà títí físà yóò fi jáde.

Ní ibùdó St Pancras ní London ni àwọn ọlọ́pàá Faransé ti ń yẹ ìwé wò, kì í ṣe ní Paris. Láti October 12, 2025, ètò tuntun ti bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà gba àwòrán ojú àti àkọsílẹ̀ ìwọlé àti ìjáde àwọn tí kì í ṣe ọmọ Yúróòpù, nítorí náà ẹ tètè dé ibùdó. Lọ́nà àbọ̀, ní Brussels ni àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì máa ti yẹ̀ yín wò. Ẹ rí i dájú pé nọ́ńbà ìwé ìrìnnà tí ẹ mú dání ló wà lórí àkáǹtì íntánẹ́ẹ̀tì tí àṣẹ ìgbé yín wà, pàápàá tó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ìwé ìrìnnà ṣe.

Ohun kékeré kan, ẹ bá mi sọ fún Màmá pé kí wọ́n má di ẹran díndín sínú abọ́ fún ọ̀nà. Láti 2021 ni òfin kò ti gba ẹran àti wàrà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ Yúróòpù. Tí ojú oúnjẹ ilé bá ń pọ́n yín ní Paris, ẹ béèrè àdúgbò Château Rouge, kò jìnnà sí Gare du Nord, kò sí ohun tí ẹ fẹ́ sè tí ẹ kò ní rí níbẹ̀.

Alárìnkiri:

Káàdì tí Bàbá ń béèrè ni Interrail. Ibi tí èèyàn ń gbé ni wọ́n fi ń pín in, kì í ṣe ìwé ìrìnnà: ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní London, Interrail ni tiyín, àwọn ẹbí wa tó bá ń bọ̀ láti Èkó tàbí Houston, Eurail ni wọn yóò rà. Àwọn tó ti pé ọgọ́ta ọdún ń rí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún yọ kúrò lára owó rẹ̀.

Mo ka ọjọ́ ọkọ̀ nínú àyípo tí Ará Cologne tò, mẹ́jọ ni. Wọ́n ń ta káàdì ọjọ́ méje láàárín oṣù kan, tí ẹ bá sì ra tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ tí ọ̀nà rẹ̀ kúrú jù lọ́tọ̀, ó bá a mu. Ṣùgbọ́n káàdì náà kì í ṣe òpin ìnáwó. Lórí Eurostar, lórí ọkọ̀ ayára Faransé àti ti Ítálì, dandan ni kí ẹ tún sanwó ìjókòó lé e lórí, Eurostar sì ní iye àyè tó ń fi sílẹ̀ fún àwọn oníkáàdì. Tó bá ti tán, ó tán nìyẹn. Ní Jámánì, Austria àti Switzerland, ẹ lè wọ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ láìgba ìjókòó sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi á san owó kékeré yẹn ní oṣù kẹfà kí n má baà dúró láti Vienna dé Cologne.

Ẹni tí físà ti mú kó mọ ibi tí yóò sùn ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan ti mọ ọjọ́ tí yóò wọ ọkọ̀ nìyẹn, òmìnira tí káàdì ń tà kò sì ṣe é láǹfààní púpọ̀ mọ́. Nítorí náà, èrò tèmi ni pé kí ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì rà á ní oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣáájú, nígbà tó ṣì rọjú. Tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú kì í sábà ṣeé dá padà, torí náà físà ni kó kọ́kọ́ jáde. Èyí tí ẹ kò ní láti rà ṣáájú ni ti ọkọ̀ lásán tó ń ti Tirano lọ sí etí adágún Como àti Milan: iye kan náà ni lójoojúmọ́. Tó bá jẹ́ ti bébà lẹ rà ní ibùdó, ẹ ki í bọ inú ẹ̀rọ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle kó tẹ ọjọ́ àti aago sí i kí ẹ tó wọlé, nítorí pé àwọn tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò ní Ítálì kì í gbọ́ àwáwí àlejò.

Bàbá Ìbejì, London:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, ẹ kú iṣẹ́. Mo ti fa igi lé Rome àti Budapest, Ìyá Ìbejì sì ti ń wo àwòrán ọkọ̀ pupa yẹn láti àárọ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ló kù. Mo rí i pé ọkọ̀ òru kan wà láti Venice sí Vienna, ó sì wù mí nítorí pé a máa fi dín owó òtẹ́ẹ̀lì òru kan kù. Kí lẹ rò? Èkejì, báwo ni èèyàn ṣe ń gbé ẹrù rìn ní Venice, nígbà tí wọ́n ní kò sí mọ́tò níbẹ̀ rárá?

Ọmọ Òṣogbo, Vienna:

Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní sọ pé ọkọ̀ òru kò dára. Tí ẹ bá fẹ́ wọ̀ ọ́, yàrá ẹni méjì tó ní ilẹ̀kùn ni kí ẹ san, kì í ṣe ibùsùn alájà níbi tí ẹ̀yin àti àjèjì mẹ́rin yóò ti jọ máa gbọ́ híhan ara yín. Tí ẹ bá sì ti san ti yàrá, owó òtẹ́ẹ̀lì tí ẹ rò pé ẹ dín kù ti padà lọ. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé òru ni yóò gbé yín kọjá òkè Alps, láàárín Ítálì àti Austria, tí ẹ kò ní rí nǹkan kan.

Ẹ ní ọjọ́ méjì lọ́wọ́. Ẹ fi í sí Graz. Ẹ gbéra ní Venice láàárọ̀, ẹ pààrọ̀ ọkọ̀ ní Villach tàbí Klagenfurt. Ní December 2025 ni wọ́n ṣí ojú irin tuntun láti Klagenfurt sí Graz, tó gba inú ihò Koralm, tó gùn tó kìlómítà 33. Ohun tó ń gba nǹkan bí wákàtí mẹ́ta tẹ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin kò gba wákàtí kan mọ́. Ìlú jẹ́jẹ́ ni Graz, òrùlé pupa ló bo gbogbo àárín rẹ̀, òkè kan tí aago ńlá wà lórí rẹ̀ sì dúró láàárín ìlú. Àtẹ̀gùn tó gun òkè náà lé ní igba, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí orúnkún yín gbọ́, ọkọ̀ kékeré kan wà tí wọ́n ń fi okùn irin fà gòkè.

Ìdí tí mo fi ń pariwo Graz ni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí Susanne Wenger ní 1915, ẹni tí àwa ń pè ní Àdùnní Olórìṣà. Ó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà níbẹ̀ àti ní Vienna, ó sì dé Nàìjíríà ní 1950 pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ ìgbà náà, Ulli Beier. Ó wá fi ayé rẹ̀ jìn fún igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO fi sára ogún àgbáyé ní 2005, ní Òṣogbo ló sì kú sí ní 2009 lẹ́ni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. Mo dàgbà láàárín àwọn ère rẹ̀. Nígbà tí mo ń rìn ní àwọn òpópónà tóóró Graz, mo ń wo gbogbo ohun tó fi sílẹ̀ kí ó tó wá sọ́dọ̀ wa, ó sì yà mí lẹ́nu gidi. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ará Ọ̀fà, tí irin kan náà so ìlú yín mọ́ tiwa, ó yẹ kí ẹ fẹsẹ̀ kan ibẹ̀.

Láti Graz sí Vienna, bíi wákàtí méjì ààbọ̀, ọkọ̀ náà máa gba orí òkè Semmering. Wọ́n parí ojú irin yẹn ní 1854, Carl von Ghega ló ya àwòrán rẹ̀, òun sì ni ojú irin àkọ́kọ́ tí UNESCO fi sára ogún àgbáyé, ní 1998. Ọkọ̀ ń rọra yí po lórí afárá olókùúta alájà méjì, ẹ ó sì máa rí afárá tí ẹ fẹ́ gùn kí ẹ tó dé orí rẹ̀. Wọ́n ń kọ́ ihò gígùn kan lọ́wọ́ lábẹ́ òkè náà. Tó bá parí, abẹ́ ilẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn yóò máa gbà, nítorí náà ìsinsìnyí ló dára láti wò ó.

Tí ẹ bá lè mú òru kan kúrò lára mẹ́rin Vienna, ẹ fi sùn ní Nuremberg lọ́nà Cologne. Láti ibẹ̀, ọkọ̀ ń lọ sí Bayreuth ní nǹkan bí wákàtí kan. Gbogbo ayé mọ Bayreuth nítorí orin Wagner, àmọ́ Iwalewahaus wà níbẹ̀, ilé iṣẹ́ ọnà Áfíríkà tí Ulli Beier dá sílẹ̀ lábẹ́ yunifásítì ìlú náà ní 1981. Ẹ yẹ ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí i wò kí ẹ tó gbéra. Ìṣirò físà kò sì yí padà: Faransé ṣì ní òru mẹ́fà, Ítálì márùn-ún, Austria náà márùn-ún.

Alárìnkiri:

Ọmọ Òṣogbo, mo gbà pẹ̀lú yín lórí Graz, ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹnu ba ọkọ̀ òru jẹ́ fún Bàbá. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé kí wọ́n sùn ní ìlú kan kí wọ́n jí ní òmíràn gan-an ni ìgbádùn wọn. Ọmọ Ọ̀fà tó ń gbádùn fèrè rélùwéè lóru lè wà lára wọn.

Ará Padova:

Ẹ kú àárọ̀ o. Mo jẹ́ kí ẹ sọ tiyín tán nítorí pé Venice nìkan ni mo mọ̀ dáadáa. Ìlú tí mo wà kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ sí i nínú ọkọ̀ ojú irin.

Bàbá, ibùdó méjì ló ń jẹ́ Venezia. Ẹ má sọ̀ ní Mestre, orí ilẹ̀ nìyẹn wà. Ẹ jókòó ti ara yín kí ọkọ̀ gba orí afárá gígùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà mẹ́rin lójú omi, títí yóò fi dé Santa Lucia, níbi tí irin ti parí. Tí ẹ bá jáde lẹ́nu ọ̀nà ibùdó, odò ńlá ìlú náà ló wà níwájú yín pẹ́kí, kò sí títì, kò sí takisí onítáyà. Màmá á dúró síbẹ̀ fúngbà díẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró.

Ẹrù ni ìṣòro ibẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ afárá ìlú náà ló jẹ́ àtẹ̀gùn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, àpótí onítáyà kò sì wúlò lórí wọn, gbígbé ni. Àpótí kan péré fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, èyí tí ẹ lè dá gbé sókè orí láìpe ẹnikẹ́ni. Ìwọ̀n yẹn náà ló máa rọ̀ yín lọ́rùn nínú gbogbo ọkọ̀ yòókù, torí pé àwọn kan ṣì ní àtẹ̀gùn gíga lẹ́nu ilẹ̀kùn. Kí ẹ tó san owó òtẹ́ẹ̀lì, ẹ ṣí àwòrán ilẹ̀, kí ẹ ka iye afárá tó wà láàárín rẹ̀ àti ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń dúró. Tó bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ wá òmíràn.

Vaporetto ni wọ́n ń pe ọkọ̀ ojú omi tí gbogbo ará ìlú ń wọ̀. Nọ́ńbà 1 ni kí ẹ wọ̀ láti ibùdó, ó ń rọra lọ, ó sì ń dúró níbi gbogbo lójú odò ńlá náà títí dé ìta gbangba San Marco. Ẹ sáré gba ìjókòó níta níwájú tí ẹ bá rí i. Láti 2024 ni ìlú náà ti ń gba owó ìwọlé ní àwọn ọjọ́ kan lọ́wọ́ àwọn tó bá wá wò ó tí wọ́n sì padà lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹ máa sùn níbẹ̀ kò ní san án, àmọ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ òtẹ́ẹ̀lì yín bóyá ẹ ní láti gba ìwé ìdásílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tíkẹ́ẹ̀tì vaporetto ẹlẹ́ẹ̀kan kò ju ìṣẹ́jú 75 lọ, ó sì wọ́n. Èyí tó jẹ́ ti wákàtí 72 wà, òun ló bá òru mẹ́ta yín mu.